Lórí àtúntò ikọ̀ rugby league wa: Ẹ má lé gbogbo wọn lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìgbà tí ikọ̀ rugby league wa ní Adó-Èkìtì (eré bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ tí èèyàn 13 ń gbá sí èèyàn 13) ti gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, ohun kan náà ni àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ ń pariwo lé e lórí: kó lé gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ dànù, kó wá àwọn géńdé tuntun. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ikọ̀ tó bá pààrọ̀ ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń tó ìdajì sáà kí wọ́n tó mọwọ́ ara wọn. Nígbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ikọ̀ náà ti ń jò. Ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn eré ni, kò sì yani lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n lè dì yín mọ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì ti dá ẹnì kan dúró, àwọn tó ń ṣọ́lé gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ní mítà 10. Nọ́ńbà 8, 10 àti 13, àwọn géńdé àárín, ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yìí: wọn á gbé èèyàn ṣánlẹ̀, wọn á dìde, wọn á sá sẹ́yìn, wọn á tún jáde síwájú. Ẹni tó bá ti ṣe é fún bí ìṣẹ́jú 25 láìsinmi, ọwọ́ lásán ló máa ń nà sí ẹni tó ń sáré kọjá. Ìpààrọ̀ 8 ni òfin gbà wá láyè, arọ́pò mẹ́rin ló sì ń jókòó. Ní sáà tó kọjá, méjì nínú mẹ́rin yẹn jẹ́ sárésáré etí pápá. Ta ni yóò wá gba ẹrù lórí nọ́ńbà 8? Mẹ́ta nínú àwọn tó jókòó gbọ́dọ̀ jẹ́ géńdé àárín, kí ẹnì kẹrin jẹ́ ẹni tó lè ṣe nọ́ńbà 9, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀, tó sì tún lè bọ́ sí ipò mìíràn bí ẹnikẹ́ni bá fara pa.

Ibi tí mo fẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tẹ̀ mọ́ jù lọ nìyí: òpó mẹ́rin ló gbé ilé yìí ró. Nọ́ńbà 1 ló wà lẹ́yìn pátápátá, 6 àti 7 ló ń darí eré, 9 ló ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìdìmú. Bí nọ́ńbà 9 bá yára, àwọn alátakò ṣì ń fẹ̀yìn rìn nígbà tí bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá kò wọ́n lójú. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré falẹ̀, wọ́n ti tò, ẹnu ògiri lẹ ń rán ọmọ yín lọ. Owó táṣẹ́rẹ́ tí ikọ̀ ní, 7 àti 9 ni kí ẹ fi wá kí ẹ tó wá òmìrán kankan.

Ẹ wo Wests Tigers, ikọ̀ rugby league ti ìlú Sydney ní Ọsirélíà. Ìsàlẹ̀ líìgì pátápátá ni wọ́n parí sí ní 2022 àti 2023. Benji Marshall gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2024, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n tún parí sí. Wọn ò lé e. Ní 2025 ni Jarome Luai dé láti Penrith, ikọ̀ tó gba ife líìgì lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra láti 2021 sí 2024. Adarí eré ni Luai, kì í ṣe òmìrán. Ọdún yẹn ni wọ́n kúrò ní ìsàlẹ̀. Àwọn tó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwa ní oṣù mẹ́ta, ẹ gbọ́ o.

Bí ìwé orúkọ bá máa gba èèyàn 30, bí èmi yóò ṣe pín in rèé: géńdé àárín 8, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlà kejì (nọ́ńbà 11 àti 12) 5, nọ́ńbà 9 mẹ́ta, adarí eré mẹ́rin, nọ́ńbà 1 méjì, àárín ẹ̀yìn (nọ́ńbà 3 àti 4) mẹ́rin, etí pápá mẹ́rin. Lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn sárésáré etí pápá ti kún ibẹ̀ bí eṣú. Ó ṣáà yé wa: orúkọ ẹni tó sáré gba fàdákà Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992, Olúyẹmí Káyọ̀dé, ló wà lára pápá ìṣeré Adó. A ò ṣaláìní ẹsẹ̀ yíyá ní Èkìtì. Ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ wọn la ò ní.

Nípa àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má fi ojú wò wọ́n lásán. Ẹ ka iye ìgbà tí olúkúlùkù sọ bọ́ọ̀lù nù nínú mítà 20 ilé wa, iye èèyàn tó yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti iye ẹ̀ṣẹ̀ tí adájọ́ fọn fèrè sí. Kí ẹ wá dán wọn wò: kó wó èèyàn, kó dìde, kó sún sẹ́yìn ní mítà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kó tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà mẹ́rin. Ẹni tó bá pẹ́ dìde ní ìgbà kẹrin, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n wọlé sí wa lára lópin eré. Ẹ lè rí i pé ẹni tí gbogbo ayé ń bú kọ́ ni.

Ẹni tuntun tí wọ́n bá fẹ́ mú, kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ àwọn oníjàkadì àti àwọn ọmọ júdò ní àwọn yunifásítì wa. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ohun tí ẹ máa tún kọ́ wọn ni ibi tí orí ń wà: ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ìdí ẹni tó ń bọ̀ ni, kò gbọdọ̀ wà níwájú orúnkún rẹ̀ láé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dákú. Ẹni tí wọ́n bá gbá lórí, kó jáde, kó má padà wọlé lọ́jọ́ náà. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ pupa wa bá le bí kọnkéré, kí wọ́n máa kọ́ ìdìmú lórí yanrìn tàbí mátì. Ẹ má sì fi iyán dù wọ́n o, Èkìtì ni wọ́n; kó ṣáà ti tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìwé ìròyìn yín. Bí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun bá jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní a-b-d. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ipò ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, ká lè ka iye ẹni tó wà fún nọ́ńbà 9.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan,
Adó-Èkìtì