Pósí tó di ilé adìẹ

Àlàó ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Má bínú pé mi ò tètè fèsì, fíìmù tí mo sọ fún ẹ yẹn ló gbà mí lákòókò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò nítòsí Àjàṣẹ́-Ìpo, èmi ni mò ń tọ́jú ẹrù, àga, ìkòkò, ògiri pílíwúùdù tá a kùn bí ilé alámọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ́rùn mi.

Ìgbà tá a ṣe tán ni ọ̀gá ní ká dáná sun wọ́n, pé owó ọkọ̀ tó máa kó wọn padà s'Ílọrin ju owó ẹrù lọ. Háà! Mo ní ká kọ́kọ́ jẹ́ kí edítọ̀ wo iṣẹ́ ná, torí tí síìnì kan bá bàjẹ́ tá a fẹ́ tún un yà, kí la fẹ́ fi yà á? Ìgbà tíyẹn ní ó ti dáa ni mo wá ń pín in.

Ìkòkò ò tiẹ̀ pẹ́ nílẹ̀, Òkèlele n'Ílọrin la ti rà á lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò, àwọn olóúnjẹ ló gbà á tán lọ́jọ́ kan. Pílíwúùdù lọ sílé kéwú kan, wọ́n fi pín kíláàsì sí méjì, àwọn ọmọ kọjú sí ògiri alámọ̀ tí kì í ṣe amọ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kan fẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wa, mo kọ̀, àfihàn lásán ni, aboyún tó bá fìdí lé e á bá ara ẹ̀ nílẹ̀. Aṣọ ọlọ́pàá àti ìbọn onígi sì rèé, mi ò fún ẹnikẹ́ni o, àní mo fi ayùn gé ìbọn yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, torí òru kì í bi èèyàn bóyá ti fíìmù ni.

Pósí ló kù. Ta ló fẹ́ gba pósí lọ́fẹ̀ẹ́? Mùsùlùmí ló pọ̀ níbí, o ṣáà mọ̀ pé aṣọ funfun la fi ń wé òkú, àwọn Kírísítẹ́nì tí mo fi lọ̀ sì ní kí n má fi pe ikú wá bá àwọn. Ó wà lẹ́yìnkùlé wa fún ọjọ́ mọ́kànlá, àwọn ará àdúgbò ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Kápẹ́ńtà kan ló wá tú u, pákó ẹ̀ dáa gan-an, ó fi kan ilé adìẹ fún wa, ó tún fi irin ọwọ́ ẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn.

Màmá mi ní òun ò ní jẹ ẹyin tó bá tibẹ̀ jáde láéláé. Èmi ti jẹ méjì.

Kí ìyàwó fún mi.

Tìẹ,
Àjọkẹ́