Ẹ̀sùn sí ilé ìwòsàn ajá: ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé, “a máa pè yín padà” la ṣì ń gbọ́

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fáìlì ajá mi wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ kò bá tíì sọ òun náà nù, nítorí náà n kò ní tún un rò.

Ìtọ̀ tó ṣì ń kán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀nà tó ń gbé ìtọ̀ bọ̀ láti kíndìnrín ló kọjá àpò ìtọ̀, tó lọ já sísàlẹ̀ láti inú oyún. Ẹ ṣí ojú tuntun fún un nínú àpò, ẹ sì dí ti ìsàlẹ̀ pa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí iṣan tó ń fún ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀ bá ti rọ láti ìbí, irú abẹ yìí kò lè mú un le. Oògùn bíi phenylpropanolamine, tó ń mú iṣan náà fún pọ̀, ló sábà máa ń kàn. Dókítà yín ṣàlàyé èyí kó tó gbé ọ̀bẹ. Ọlọ́run á bù kún un.

Àwọn tó ń gba àlejò àti fóònù ní tábìlì iwájú yín ni mo bá wá. Ẹ ní ẹ ó ṣe sikáànì kíndìnrín ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ojú tuntun tí ẹ fi òwú tín-ín-rín (5-0) rán yẹn lè súnkì bó ṣe ń jinná. Ìtọ̀ á há sókè, kíndìnrín á máa wú, ajá á sì máa jẹun, á máa sáré kiri. A kì í ṣe sikáànì ká lè gbé e kọ́ sára ògiri.

Ìgbà mẹ́fà ni mo pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, dókítà ti lọ, ẹ pè lọ́la. Ní ìgbà kẹfà, ọmọbìnrin tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín: “Màmá, ẹ ṣáà ra pampers fún un. Ṣebí ajá ni.” Mo dúpẹ́. Pampers tó rin gbingbin ló ń bó ajá lábẹ́, ibẹ̀ náà ni kòkòrò ti ń gun òkè lọ sínú àpò.

Ìtọ̀ tí ẹ fi abẹ́rẹ́ fà lọ láàbù ńkọ́? Ẹ ní èsì sọnù, kí n ṣáà máa fún un ní antibiotic kan náà. Ta ló sọ fún yín pé kòkòrò náà ń gbọ́ tirẹ̀?

Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo fẹ́ ọjọ́ sikáànì, àyẹ̀wò ìtọ̀ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ tó sọ bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ ṣe tàbí méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Veterinary Council of Nigeria á gba ẹ̀dà lẹ́tà yìí, màá ṣe sikáànì níbòmíràn, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá èsì gba ọ̀dọ̀ tábìlì iwájú.

Èmi, oníbàárà yín (títí di ọjọ́ Jímọ̀)