Ìwọ̀n ọta nìkan kọ́ ló ń pa elk

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń kànkùn, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣọdẹ ní Colorado, Wyoming àti Montana máa ń bi ara wọn: ọta oníwọ̀n wo ló tó elk, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pa? Ìdajì ìbéèrè nìyẹn. Ó ku irú ọta tó jẹ́, ìbọn tó ti jáde, àti eré tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá dé ara ẹran.

Elk kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbọ̀nrín ilé wa. Akọ tó ti dàgbà lè wọn 320 kílò, abo á tó 225. Egungun èjìká rẹ̀ nípọn. Ọta tó bá fọ́ sórí egungun yẹn kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹran á sì gbé ọgbẹ́ sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ọta. 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Òfin Colorado ní ọta elk kò gbọdọ̀ dín ní gíréènì 85, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó ń gbòòrò nínú ẹran, agbára rẹ̀ ní 100 yáàdì kò sì gbọdọ̀ dín ní 1,000 foot-pound (òṣùwọ̀n agbára ọta). Ohun tí òfin gbà nìyẹn o. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé gíréènì 85 lọ bá akọ elk.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbọn tó ń yin ọta irú .30-06, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Ọta oní-gíréènì 150 á jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,900 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 180 á jáde ní bí 2,700. Eré 150 yẹn ló ń tan èèyàn, torí agbára àwọn méjèèjì lẹ́nu ìbọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. 180 gùn ju 150 lọ, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni wọ́n nípọn. Òun ló máa ń wọlé jìn. Ọ̀pọ̀ 150 sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún àgbọ̀nrín kékeré, tó tètè ń là, ìyẹn ni pé ó ń gbòòrò. Fún .30-06, gíréènì 180 ni mo fara mọ́; fún àwọn irú ìbọn míì, .308, 165 tàbí 180, .270, 150, tàbí 140 tó lágbára. Fún 7mm Remington Magnum, 160. Ẹni tó ní 6.5 Creedmoor lè lo 140, ṣùgbọ́n kó má kọjá 300 yáàdì, kí ẹran sì fi ẹ̀gbẹ́ hàn án gbọọrọ. Ẹ má sì sọ pé 150 inú ìbọn .30 (bíi .30-06) ju 140 inú 6.5 lọ: 140 yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó sì lè wọlé jù ú lọ.

Ní ti irú ọta, òjé tí wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lè sọ ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ nù. Bí ìbọn alágbára bíi .300 Winchester Magnum bá yìn ín láti itòsí, á fọ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n sọ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn ọdẹ moose (ẹran tó tún tóbi ju elk lọ) kan ní 1946 ni John Nosler ará Amẹ́ríkà ṣe ọta tó ń jẹ́ Partition, tí bàbà dábùú àárín rẹ̀: òjé iwájú á là, ti ẹ̀yìn á máa wọlé lọ. Àwọn míì lẹ òjé mọ́ bàbà pinpin.

Ọta tó jẹ́ kìkì bàbà kì í sábà fọ́, nítorí náà èèyàn lè dín ìwọ̀n kù: 165, kódà 150, tó nínú .30-06. Àdínkù yẹn ṣe pàtàkì, torí bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ti bàbà á gùn jù, á gba àyè ẹ̀tù, ìlà tó lọ́ kiri inú ọ̀pá ìbọn lè má yí i tó kó lè fò gún régé. Ó tún fẹ́ eré kó tó là, bí ẹsẹ̀ bàtà 1,800 sí 2,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eré bá kéré jù, ihò bíńtín ló máa lu já. Ní California kò sí pé à ń yàn, wọ́n ti fòfin de òjé fún ọdẹ láti July 1, 2019.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi 150 tí owó rẹ̀ kò wọ́n tún awò ìbọn ṣe, wọ́n á wá gbé 180 wọ igbó. Ojú ibi tí méjèèjì ń bà lè fi ínǹṣì mélòó kan yàtọ̀ ní 100 yáàdì. Páálí ọta tí ẹ máa gbé wọ igbó ni kí ẹ fi tún awò náà ṣe: yin mẹ́ta, jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn tutù, yin mẹ́ta míì. Bí ẹ bá tún awò ṣe kí 180 inú .30-06 ba ojú ibi tí ẹ wò gan-an ní 200 yáàdì, á ti wálẹ̀ ní bí ínǹṣì 9 ní 300. Bí ìbọn bá sì ń ta yín léjìká débi tí ẹ fi ń dijú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 165. Ẹ̀yìn èjìká ni kí ẹ wò, ìdá kan nínú mẹ́ta láti ikùn sókè. Bó bá kẹ̀yìn sí yín, ẹ má yìn ín.

Ẹni tó bá fi físà ìgbà díẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí tó bá wà lára àwọn díẹ̀ míì tí òfin yọ sílẹ̀. Kó gba ìwé náà kó tó fọwọ́ kan páálí ọta.

Òǹkàwé yín,
Colorado, Amẹ́ríkà