Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó gbàdúrà fún wọn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé nílẹ̀ àwa Yorùbá Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn olóṣèlú á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n á jókòó síwájú, pásítọ̀ á gbàdúrà lé wọn lórí. Mi ò kórìíra àdúrà. Ó yẹ ká máa gbàdúrà fáwọn aláṣẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kì í bi wọ́n ní nǹkan kan.

Nígbà tí Sámúẹ́lì darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ tàbí tí òun rẹ́ jẹ jáde wá sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Èwo nínú àwọn Kristẹni tó wà lórí àlééfà lónìí ló lè dán irú ẹ̀ wò?

Ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè nípa owó ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè nípa owó oṣù àwọn tíṣà. Kí wọ́n dáhùn lójú ìjọ.

Ọmọ ìjọ kan,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.