Ẹ̀yin oníbàárà wa: ọ̀rọ̀ lórí àwòrán tí ẹ̀ ń gbé wá fún títẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú ìmúra Iléyá, ẹ kú ìmúra Ojúde Ọba.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá gbé àwòrán wá pé ká tẹ̀ ẹ́ sára abẹ̀bẹ̀, fìlà tàbí aṣọ régbérégbé yín, a ó kọ́kọ́ bi yín pé ta ló yà á. Ẹ má bínú sáwọn ọmọ iṣẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa béèrè.

Ojúde Ọba kan kọjá tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó gbé abẹ̀bẹ̀ kan ka orí tábìlì mi. Ẹlẹ́ṣin ló wà lára rẹ̀, eruku ń sọ lábẹ́ pátákò ẹṣin, ìjánu ń dán. Iṣẹ́ wa ni. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò náà gan-an hàn mí, ó wá fi àtàǹpàkò tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀ níbi tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Lára abẹ̀bẹ̀ tiwa, wọ́n ti gé igun yẹn kúrò. Abẹ̀bẹ̀ 200 la ti tẹ̀ tá a sì gbowó lé lórí. Ẹni tó dúró sóòrùn látàárọ̀ láti ya fọ́tò náà kò rí kọ́bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sanwó fún un, síbẹ̀ ojú ṣì ń tì mí.

Àwọn kan máa ń ní, “Ẹ ṣáà yí àwọ̀ rẹ̀ padà.” Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (Copyright Act) ti 2022, tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ló ni àṣẹ àtúnṣe rẹ̀. Ààbò fọ́tò jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn tó bá jáde. Ti ìwé, orin àti àwòrán ọwọ́ ń lọ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò dè wá lọ́wọ́, èyí ló sì wù mí jù kí ẹ mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè gba èrò lásán ní tirẹ̀. Ẹṣin tó ń jó lójúde ọba kì í ṣe ohun ìní ayàwòrán kankan. Oníṣẹ́ ọnà wa lè jókòó ya tiyín látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ẹgbẹ́ yín. Ọnà ara ìtagbè, aṣọ ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí àwọn ìyá wa ń hun ńkọ́? Òfin kà á sí ogún àdúgbò. Kéèyàn dà á kọ lódindi fún títà gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ẹ̀tọ́ àdàkọ, ṣùgbọ́n a lè yá níbẹ̀ níwọ̀n tó yẹ láti fi dá iṣẹ́ tuntun, ká sì dárúkọ ibi tó ti wá. “Ọnà Ìjẹ̀bú” la ó máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i.

Bó bá jẹ́ fọ́tò kan pàtó lẹ fẹ́, kí ẹni tó yà á kọ ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká bá yín wá a. A ti mọ púpọ̀ nínú wọn. Yíyà tuntun gba ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ Iléyá kí ẹ tó wá.