Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí ayé tí ó ní ó ti bàjẹ́

Kétu

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, ìyá rẹ náà ní kí n kí ọ. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi: o ní pẹ̀lú ogun àti ọ̀gbẹlẹ̀ tí à ń gbọ́ yìí, ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. N kò ní bá ọ jiyàn lórí ogun, èmi náà ń gbọ́ rédíò. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní kékeré mi, omi adágún ni à ń mu lóko, nítorí pé ilẹ̀ Kétu ga, omi kànga sì jìn. Aràn sòbìà wà nínú omi náà. Mo rí bàbá mi lórí ẹní, tí wọ́n ń ká aràn funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mọ́ igi kékeré kan, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà yóò wú, yóò sì kẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó fi wà nílẹ̀, àkókò tí àgbàdo yẹ kí ó wọlẹ̀ sì kọjá. A jẹ ìyà rẹ̀ ní ọdún náà.

Ní 1986, nǹkan bíi 3,500,000 ènìyàn ni sòbìà ń mú lọ́dún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni wọ́n kà ní gbogbo ayé. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Obìnrin tó ta aṣọ asẹ́ sẹ́nu ìkòkò kí ó tó da omi sí i wà lára àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹsẹ̀ ń jó bí iná, tó mọ̀ pé omi tútù yóò tu òun lára, síbẹ̀ tí kò ti ẹsẹ̀ bọ adágún kí aràn náà má baà tú ọmọ sínú omi tí ọmọ ọlọ́mọ yóò mu. Àdùkẹ́, ẹni yìí gan-an ni mo máa ń rántí bí ọkàn mi bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì.

Má gbàgbé pé Kétu, ìlú tí ogun Dàhòmì fọ́ ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ni a bí ọ sí. Àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún un kọ́.

Rédíò kò ní sọ fún ọ láé pé kò sí ẹni tí sòbìà dá dùbúlẹ̀ ní Kétu lónìí. Nítorí náà, má fi ìròyìn nìkan wọn ayé, má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú ọ fi ẹ̀kọ́ nípa omi tí ò ń kọ́ ní yunifásítì Kàláfí sílẹ̀. Nígbà tí o bá wálé fún ìsinmi, jókòó ti bàbá àgbà, kí o ní kí wọ́n fi àpá ọrùn ẹsẹ̀ wọn hàn ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ