Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ lórí ọwọ́ Àdùnní

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 28, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, ẹ sì kú òtútù Leeds. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi nítorí pé lẹ́tà rẹ méjèèjì kò rí èsì gbà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Ọwọ́ Àdùnní, ọmọ mi, ni ó gba gbogbo ọwọ́ mi láti Oṣù Kẹfà.

Ọjọ́ Sátidé tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá ni ó ṣẹlẹ̀. Ó gbé ife onígíláàsì dání, ó ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ, ó sì ṣubú lé ife náà lórí. Gíláàsì gé e ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, níbi tí ìka àárín àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà kò fẹ̀ rárá. A gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n fọ ọgbẹ́ náà, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n rán awọ rẹ̀, wọ́n wé e, wọ́n ní kí a máa lọ ṣe ọdún wa. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó sọ fún ọmọ náà pé kí ó ká ìka rẹ̀ kí àwọn wò ó. Títí di òní, ìyẹn ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé àyẹ̀wò tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àmàlà ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹrin tí a tú báńdéèjì, ọgbẹ́ ti ń san, ni Àdùnní bá ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun jẹun. Bí ó ti fẹ́ bu òkèlè, ìka méjì nà gbọnrangandan, àwọn yòókù sì ká. Màmá, ìyá ọkọ mi, rò pé àkẹ́jù ni; èmi rò pé ìrora ni. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pẹ́ tí ó ń fi ọwọ́ náà ṣeré nínú omi ìwẹ̀ kí n tó kíyè sí i pé gbogbo orí ìka rẹ̀ ni ó hunjọ, àfi ẹ̀gbẹ́ kan lára ìka tí ó tẹ̀ lé ti àárín, tí ó ń dán bí ẹni pé omi kò kàn án. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé fọ́nrán ìmọ̀lára, èyí tí ń jẹ́ kí ara mọ ìfọwọ́kàn, ni ó ń mú kí awọ ìka hunjọ nínú omi, àti pé bí ó bá já, awọ kì í hunjọ mọ́. Àwọn dókítà a máa lo ọgbọ́n yìí fún ọmọdé tí kò lè ṣàlàyé ohun tí ń ṣe é.

Ní ilé-ìwòsàn ńlá tí a lọ ní ọjọ́ kejì, dókítà kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè púpọ̀. Ó rọra tẹ apá rẹ̀, lókè ọrùn ọwọ́; àwọn ìka tí iṣan wọn pé ká fúnra wọn, méjì yẹn kò mira. Ó ní iṣan méjì ni ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àtàǹpàkò, àti pé ti ìka méjèèjì ni ó ti já. Ó fi okùn ṣòkòtò ṣàlàyé fún wa: bí ó bá já, orí rẹ̀ á sá wọ inú, ẹni tí yóò so ó ní láti kọ́kọ́ wá a jáde. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi kọjá dáadáa, iṣan náà á ti kákò, ihò tí ó ń gbà kọjá á sì ti máa dí, ó sì lè di pé kí wọ́n yọ iṣan láti ibòmíràn láti fi dí àyè rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ebi ni ó le jù nínú rẹ̀ fún Àdùnní: kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí 6, kò sì gbọ́dọ̀ mu omi fún wákàtí 2 kí wọ́n tó fi oògùn kùn ún ní oorun. Iṣẹ́ náà gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Dókítà wọ jígí tí ń sọ nǹkan di ńlá, nítorí pé òwú tí wọ́n fi rán fọ́nrán ìmọ̀lára náà tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọn kò la awọ ní tààrà, kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n là á, torí pé àpá tí ó bá gba orí oríkèé ìka kọjá ní tààrà lè fa ìka náà ká bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Òwú tí ń yòrò fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi pa awọ dé, kí ẹkún má baà tún sọ ní ọjọ́ yíyọ òwú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi P.O.P. sí i, láti orí ìka kọjá ìgbọ̀nwọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo ará àdúgbò ń béèrè pé ṣé nítorí ìka méjì náà ni. Àgbàlagbà ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí mi ìka láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé kí ó má fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù? Iṣan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lè tún já. Oore ibẹ̀ ni pé oríkèé ọmọdé kì í tètè gan bíi tiwa. Màmá fẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá kan tí ń to egungun kí ó wá fi ewé wé e, mo sì fi ọ̀wọ̀ kọ̀, nítorí pé kò sí egungun tí ó kán. Ohun tí Màmá kò tètè gbà ni ọwọ́ òsì. Àdùnní á na ọwọ́ òsì gba nǹkan, á yára sọ pé, “Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o.” Ó ti bọ́ P.O.P. tipẹ́, ó ṣì ń sọ ọ́ nígbà mìíràn.

Láti ìgbà náà, fisiotẹ́rápì ni. Wọ́n ní kí ó máa fún kànìnkànìn nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó máa ṣa ẹ̀wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a máa fi òrí ra ojú àpá náà. Èmi ni mo fi ayò kún un, ìyẹn ni ó sì fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rẹ́ mi jẹ. Títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá, kò gbọ́dọ̀ gbé garawa, kò gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ igi máńgòrò.

Ìka àárín ti ń ká délẹ̀. Ìkejì kò tíì kan àtẹ́lẹwọ́, ó kù díẹ̀. Dókítà rò pé iṣan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ihò tí ó ń gbà kọjá, ó sì ní kí a dúró pé oṣù mẹ́fà kí òun tó pinnu bóyá òun yóò tún ṣí i. Fọ́nrán ìmọ̀lára máa ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lójúmọ́, nítorí náà ìwẹ̀ alaalẹ́ ti di àyẹ̀wò fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ̀gbẹ́ ìka náà hunjọ díẹ̀. Mo pe ọkọ mi kí ó wá wò ó, a sì jọ dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ bí ẹni tí ń wo àlejò.

Ní ti Dàpọ̀, ọmọ rẹ tí o kọ̀wé pé ilẹ̀kùn pa lórí ìka, má dààmú pé wọ́n da èékánná rẹ̀ nù lẹ́yìn tí wọ́n rán abẹ́ rẹ̀. Mo bi dókítà wa. Ó ní níbẹ̀ gan-an ní Bìrìtìkó ni wọ́n ti fi ọmọ 451 ṣe ìwádìí, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2023: àwọn tí wọ́n dá èékánná wọn padà àti àwọn tí wọ́n da tiwọn nù, iye tí ọgbẹ́ wọn kẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Òmíràn ń bọ̀ wá hù, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà tó oṣù mélòó kan.

Bí o bá ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, jọ̀ọ́, bá mi ra amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Èyí tí a rí rà níbí ti gan, Àdùnní sì ti búra pé òun kò ṣa ẹ̀wà mọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ṣadé